Kí Ni Mopa Máa Mú Wá? Bí A Ṣe Ń Tọrọ Owó Ìrànwọ́ Àjọdá fún Ìkọ́ni Gẹ̀ẹ́sì

Nínú ìwé tí ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà fi ń gba ìbéèrè owó ìrànwọ́, ibi méjì ló máa ń wà fún owó. Ibi kìíní ni iye tí ẹ ń tọrọ lọ́wọ́ wọn. Ibi kejì ni iye tí ẹ̀yin fúnra yín yóò mú wá. Ibi kejì yìí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń fi sílẹ̀ lófìfo, tàbí kí wọ́n kọ òdo sí i, torí wọ́n rò pé bí ẹni tó ń tọrọ bá sọ pé òun ní nǹkan lọ́wọ́, ẹni tó fẹ́ ta á lọ́rẹ yóò fawọ́ sẹ́yìn. Mo fẹ́ sọ fún àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Mopa, àti fún ẹnikẹ́ni tó bá wà ní irú ipò wọn, pé ibi kejì yẹn gan-an ni agbára wọn wà, àti pé ohun tó yẹ kí wọ́n kọ sí i ti wà nílùú tipẹ́. Ohun tó kù ni kí wọ́n mọ̀ ọ́n kà, kí wọ́n sì mọ̀ ọ́n kọ sílẹ̀.

Mopa wà lójú ọ̀nà tó ti Kàbà gba Ìsánlú àti Egbe lọ sí Ìlọrin. Òun ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Mopamuro ní Ìpínlẹ̀ Kogí, èdè Yàgbà ni wọ́n sì ń sọ níbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka èdè Yorùbá tí àwa ará Òkun, ìyẹn àwa Yorùbá Kogí, ń sọ. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, ọmọ tó wà ní Òmùò-Èkìtì wọ ilé ìwé láìsan kọ́bọ̀. Ọmọ Òkun tó wà lódìkejì ààlà kò rí irú rẹ̀, nítorí abẹ́ Ìjọba Àríwá ni wọ́n pín Kàbà àti Yàgbà sí. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1976 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó kárí gbogbo Nàìjíríà tó dé. Láàárín ọdún 21 yẹn, òbí, ìjọ àti ìlú ni wọ́n gbé ẹrù náà. Àwọn ni wọ́n san owó ilé ìwé, àwọn ni wọ́n mọ ògiri kíláàsì, àwọn ni wọ́n gba olùkọ́ sílé. Àwọn míṣọ́nnárì Sudan Interior Mission (SIM) ti wà ní Egbe láti 1908 nígbà tí Tommy Titcombe dé láti Kánádà, wọ́n sì dá Titcombe College sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1951, ṣùgbọ́n míṣọ́nnárì kò lè dá nìkan tọ́jú ilé ìwé gbogbo abúlé. Ìlú tó ti ń bá ẹlòmíràn pín owó ẹ̀kọ́ láti ìgbà náà kò lè sọ pé òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń dáwó.

Owó tí olùfúnni àti olùgbà jọ ń dá fún ìkọ́ni Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ohun tuntun nílẹ̀ Yorùbá rárá. Láti 1877 ni ìjọba amúnisìn ní Èkó ti ń fún ìjọ mẹ́ta, ìyẹn CMS, Wẹ́sílì àti Kátólíìkì, ní £200 lọ́dún, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Owó yẹn kò tó, àwọn ìjọ ló ń wá ìyókù. Nígbà tí òfin ẹ̀kọ́ 1882 dé, ó so owó náà mọ́ àbájáde ìdánwò. Gẹ̀ẹ́sì, kíkà, kíkọ àti ìṣirò ni wọ́n ń wò. Yorùbá tí àwọn olùkọ́ fi ń la ọmọ lójú kò ní máàkì kankan. Mo mẹ́nu ba èyí torí ohun kan: ẹni tó ń fúnni lówó ló máa ń yan ohun tí yóò kà. Bí ẹ̀yin tó ń gbà kò bá sọ ohun tí ẹ ní, tí ẹ kò sì fi hàn pé ó níye, kò ní wọ inú ìṣirò, bó ti wù kó ṣe pàtàkì tó.

Owó ìrànwọ́ àjọdá ni owó tí olùfúnni kò ní dá nìkan gbé. Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù ni ti UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Òfin Ẹ̀kọ́ Ìpìlẹ̀ ti 2004 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán ìdá 2 nínú 100 owó àpò àpapọ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gba tirẹ̀ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé iye tó bá a dọ́gba kalẹ̀, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń pè ní káńtápáàtì. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń gbọ́ lọ́dọọdún pé owó ìpínlẹ̀ kan àti òmíràn ń sùn ní àpò UBEC: ìpínlẹ̀ náà kò mú ìpín tirẹ̀ wá. Báńkì Àgbáyé náà ṣe irú rẹ̀ nínú ètò ìdàgbàsókè ìlú tí wọ́n ń pè ní CSDP, tí Kogí wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kópa nínú rẹ̀. Ìlú tó fẹ́ ilé ìwé tàbí kànga ní láti mú ìdá 10 nínú 100 wá, wọ́n sì gbà kó jẹ́ owó tàbí iṣẹ́ ọwọ́. Ẹni tó bá ti ru yanrìn nínú ètò yẹn ní abúlé rẹ̀ ti mọ gbogbo ẹ̀kọ́ tó wà nínú àròkọ yìí, bí kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n.

Tó bá wá di ti Gẹ̀ẹ́sì gan-an, àwọn tó ń fúnni kò pọ̀. Ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Àbújá ní ọ́fíìsì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìkọ́ni Gẹ̀ẹ́sì, RELO ni wọ́n ń pè é. Láti ọ̀dọ̀ ìjọba wọn ni ètò Access ti wá. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Mòrókò ní 2004, ó sì ti dé Nàìjíríà. Àwọn ọmọ láti bí ọdún 13 sí 20 tí ilé wọn kò rí jájẹ ni wọ́n ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ilé ìwé, fún bí ọdún méjì. Ilé ẹ̀kọ́ tàbí ẹgbẹ́ nílẹ̀ yìí ló ń darí kíláàsì náà. Ètò mìíràn ni ti English Language Fellow, olùkọ́ Amẹ́ríkà tó ń wá gbé oṣù mẹ́wàá ní yunifásítì tàbí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ilé ẹ̀kọ́ tó gbà á lálejò lè fi ilé tàbí ọ́fíìsì ṣe ìpín tirẹ̀. British Council tó ti wà ní Nàìjíríà láti 1943 náà ń bá àwọn olùkọ́ ṣiṣẹ́. Àpò kan tún wà tí ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀: A. S. Hornby, ẹni tí ìwé atúmọ̀ èdè Oxford rẹ̀ wà lórí tábìlì olùkọ́ káàkiri Nàìjíríà, fi ìpín ńlá nínú owó tó ń wọlé fún un dá àpò ìrànwọ́ sílẹ̀ ní 1961 fún àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti ilẹ̀ òkèèrè. Ẹni kan ṣoṣo ni irú ìyẹn sábà máa ń ràn lọ́wọ́. Ti ilé iṣẹ́ aṣojú ló lè béèrè ìpín ìlú, òun ni mo sì fẹ́ dúró lé lórí.

Kí a má tan ara wa: ọdún 2025 mi ọ̀rọ̀ yìí jìgìjìgì. Ní 20 oṣù kìíní ọdún náà ni Ààrẹ Trump pàṣẹ pé kí wọ́n dá ìrànwọ́ sí ilẹ̀ òkèèrè dúró fún ọjọ́ 90, nígbà tó sì di 1 oṣù keje, iṣẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ USAID, àjọ tó ń pín ìrànwọ́ náà. Kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ rí i dájú pé ìkéde tí ẹ ní lọ́wọ́ ṣì wà láàyè, kì í ṣe èyí tí ẹnìkan fi ṣọwọ́ sí yín lórí WhatsApp láti ọdún tó kọjá. Ìyípadà yẹn sì ni ìdí tí mo fi ka ìpín ìlú sí pàtàkì ju bí àwọn olùfúnni fúnra wọn ṣe ń kà á sí lọ. Kíláàsì tí ó jẹ́ pé owó òkèèrè ló gba yàrá, tó san olùkọ́, tó ra ṣọ́ọ̀kì, yóò pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé lọ́jọ́ tí owó náà bá dúró. Èyí tí yàrá rẹ̀ jẹ́ ti ìjọ, tí olùkọ́ rẹ̀ jẹ́ àgbàlagbà ìlú tó ti gba ìfẹ̀yìntì, yóò pàdánù ìwé tuntun àti ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yóò ṣì rí ibi jókòó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ni ìdènà kìíní, mi ò sì fẹ́ pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ tọrọ gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lábẹ́ òfin CAMA 2020, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tó ní àwọn alágbàtọ́. Ẹ óò kéde nínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ méjì, ẹ óò sì dúró ọjọ́ 28 bóyá ẹnìkan ní àtakò. Báńkì yóò béèrè ìwé SCUML, ẹ̀ka ìjọba tó ń gbógun ti owó ìwà ọ̀daràn, kí ó tó ṣí àkáǹtì fún ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti èrè. Ti Amẹ́ríkà ni nọ́ńbà UEI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹni tó ń tọrọ owó wọn, orí SAM.gov ni wọ́n ti ń gbà á, òun ló sì rọ́pò nọ́ńbà DUNS ní oṣù kẹrin 2022. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó kí òun tó bá yín gbà á ń fi èrú gba owó yín. Ohun tó ń fa ìdádúró jù ni orúkọ. Orúkọ ẹgbẹ́ lórí CAC, lórí àkáǹtì báńkì àti lórí SAM.gov gbọ́dọ̀ jọra lẹ́tà sí lẹ́tà, àdírẹ́sì náà sì gbọ́dọ̀ bára mu. Ẹ bẹ̀rẹ̀ eléyìí ní oṣù púpọ̀ ṣáájú ìkéde, torí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ìkéde máa ń fún èèyàn.

Ó wá ku ibi kejì nínú ìwé náà, ti iye tí ẹ̀yin fúnra yín yóò mú wá.

Ká ní ẹgbẹ́ olùkọ́ kan ní Mopa fẹ́ máa kọ́ ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì 40 ní Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ilé ìwé, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, wákàtí méjì lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ 40. Ìyẹn jẹ́ ìrọ̀lẹ́ 120. Olùkọ́ méjì tó ti fẹ̀yìn tì gbà láti kọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ìjọ kan ní kí wọ́n máa lo gbọ̀ngàn òun. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ náà iye tí wọ́n ní, wọn yóò dáhùn pé àwọn ò ní nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ní ìdajì iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Olùkọ́ kọ̀ọ̀kan yóò ṣe wákàtí 240, àwọn méjèèjì yóò ṣe 480. Ká ní ₦1,500 ni àwọn òbí ìlú ń san fún wákàtí kan lẹ́sìnnì lọ́wọ́ olùkọ́ tó dáńgájíá, iṣẹ́ wọn jẹ́ ₦720,000. Ká ní ₦5,000 ni ìjọ náà ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń yá gbọ̀ngàn fún ìrọ̀lẹ́ kan, ìrọ̀lẹ́ 120 jẹ́ ₦600,000. Àpapọ̀ rẹ̀ di ₦1,320,000, ẹnikẹ́ni kò sì tíì mú owó kan jáde nínú àpò.

Òfin Amẹ́ríkà tó ń ṣàkóso irú owó yìí, èyí tí wọ́n ń pè ní 2 CFR 200, gba irú ìpín báyìí láàyè. Ó ní kí wọ́n díwọ̀n iṣẹ́ ẹni tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ ní iye tí wọ́n ń san fún irú iṣẹ́ náà, kí wọ́n sì díwọ̀n ohun ìní ní iye tó ń lọ lọ́jà. Kì í ṣe iye tí ọkàn yín fẹ́. Olùkọ́ tó ní oyè gíga kò lè ka wákàtí rẹ̀ sí iye tí wọ́n ń san fún ọ̀jọ̀gbọ́n ní Àbújá bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ lẹ́sìnnì ló ń ṣe ní Mopa. Bẹ́ẹ̀ náà ni jẹnẹrétọ̀ ìjọ: iye tí wọn ì bá fi yá a lójúmọ́ ni ẹ óò kà, kì í ṣe iye tí wọ́n fi rà á. Mo ti rí ìṣirò tí wọ́n ti ka odidi ilé ìjọ pẹ̀lú ilẹ̀ tó dúró lé sí ìpín ìlú. Ẹni tó bá ka irú ìyẹn yóò gbé ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sì ní padà sí i, torí ó ti mọ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ kò fi òótọ́ ṣe ìwọ̀n.

Àwọn ohun mìíràn kò ṣeé kà rárá. Ohun tí ẹ bá ti kà sí ìpín yín nínú owó ìrànwọ́ Amẹ́ríkà kan, ẹ kò lè tún kà á sí ìpín yín nínú òmíràn. Owó tó wá láti inú owó ìrànwọ́ Amẹ́ríkà mìíràn kò lè jẹ́ ìpín yín, àfi bí òfin ètò náà bá sọ bẹ́ẹ̀ ní gbangba. Iṣẹ́ tí ẹ ṣe kí ọjọ́ àdéhùn tó dé kò sábà wọlé, bí ó ti wù kó dára tó. Ọtí kò wọlé ní ọ̀nà kankan, nítorí náà ẹ má ṣe kọ ti àpèjẹ ìparí ọdún sí i. Ohun tí ẹ kò bá sì lè fi ìwé gbè lẹ́sẹ̀, kí ẹ gbàgbé rẹ̀. Ìwé yẹn kò le. Ìwé àkọsílẹ̀ kan ni, tí olùkọ́ yóò máa kọ ọjọ́, aago tó dé, aago tó lọ àti ohun tó kọ́ àwọn ọmọ sí, tí yóò sì fọwọ́ sí lójú ẹlẹ́rìí. Ìjọ náà yóò kọ lẹ́tà kan tó sọ pé òun fi gbọ̀ngàn sílẹ̀, iye ìrọ̀lẹ́ tó jẹ́, àti iye tí òun ń gbà lọ́wọ́ àwọn mìíràn.

Ibì kan wà tí àwọn tó mọ ìṣirò dáadáa pàápàá máa ń ṣubú sí, mo sì fẹ́ kí ẹ rọra kà á. Ká ní ẹgbẹ́ wa fẹ́ tọrọ ₦6,600,000, ìkéde sì ní kí olùtọrọ mú ìdá 20 nínú 100 wá. Akápò yóò yára ṣírò ìdá 20 nínú 100 ti ₦6,600,000, yóò rí ₦1,320,000, inú rẹ̀ yóò sì dùn pé ohun tí ẹ ní lọ́wọ́ ti pé géérégé. Ṣùgbọ́n bí ìkéde bá sọ pé ìdá 20 nínú 100 gbogbo ìnáwó, gbogbo ìnáwó ni ti wọn pẹ̀lú ti yín. Ti wọn yóò jẹ́ ìdá 80, gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́ ₦8,250,000, ti yín yóò sì di ₦1,650,000. Ẹ ti fi ₦330,000 dín. Wọ́n lè da ìwé yín nù fún ìyẹn nìkan, kí ẹnikẹ́ni tó ka ohun rere tí ẹ fẹ́ ṣe. Nítorí náà ẹ wo gbólóhùn yẹn dáadáa: ṣé ìdá nínú owó tí ẹ ń tọrọ ni, àbí nínú gbogbo ìnáwó?

Ibi tí ₦330,000 yóò ti wá ni ó yẹ kí ìlú ti jókòó sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ Mopa tó wà ní Àbújá, Èkó àti London ń dáwó fún ìlú lóríṣiríṣi, àǹfààní owó gidi sì ni pé kò sí àríyànjiyàn lórí iye rẹ̀. Ó tún lè jẹ́ epo jẹnẹrétọ̀ tí ẹgbẹ́ òbí yóò máa rà, tí wọn yóò máa gba rìsíìtì rẹ̀, tàbí fọ́tókọ́pì ìwé kíkà tí oníṣọ́ọ̀bù kan gbà láti ṣe ní ẹ̀dínwó tó kọ sílẹ̀. Àwọn àgbà ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Ní tèmi, ó sàn kí ogójì òbí dá díẹ̀díẹ̀ ju kí ọlọ́rọ̀ kan san gbogbo rẹ̀, torí òbí tó bá ti dáwó sí i yóò béèrè ìdí tí kíláàsì kò fi wáyé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Kí ẹ sì má ṣèlérí ju agbára yín lọ. Ìpín tí ẹ bá kọ sínú ìṣirò tí wọ́n fọwọ́ sí ti di gbèsè. Bí ìkéde kò bá tilẹ̀ béèrè ìpín kankan, tí ẹ fúnra yín wá kọ ọ́ sí i láti fa ojú wọn mọ́ra, wọn yóò béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ ìjábọ̀, wọ́n sì lè yọ nínú owó tiwọn bí ẹ kò bá mú un ṣẹ. Ìyípadà owó Náírà sọ èyí di ohun tó léwu gan-an. Kí Báńkì Àpapọ̀ tó tú iye Náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, bí ₦460 ni dọ́là kan lọ́dọ̀ ìjọba, ₦1,650,000 sì lé ní $3,500. Nígbà tí dọ́là di ₦1,500 ní 2024, iye kan náà di $1,100. Gbọ̀ngàn kan náà ni, olùkọ́ kan náà ni, wákàtí wọn kò dín, ṣùgbọ́n lójú ẹni tó ń ka dọ́là, ìlérí ti sọ nù. Torí ìdí èyí, ẹ kọ ìpín yín pẹ̀lú òǹkà wákàtí àti òǹkà ìrọ̀lẹ́, kí ẹ kọ iye Náírà, kí ẹ sì kọ iye tí ẹ fi pààrọ̀ rẹ̀ sí dọ́là àti ọjọ́ tí ẹ ṣe é. Bí ayé bá yí, ẹ óò ní ohun tí ẹ lè tọ́ka sí.

Lẹ́yìn owó ni ọ̀rọ̀ ìdí tí ẹ fi ń tọrọ. Ìwé ìbéèrè púpọ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé Gẹ̀ẹ́sì ni èdè àgbáyé. Ẹni tó ń kà á ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó sọ ọ́. Ohun tí kò mọ̀ ni ti ọmọ Mopa: ó ń sọ Yàgbà nílé, ó ń gbọ́ Yorùbá inú Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ń pàdé Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé nìkan títí ìdánwò WAEC fi dé bá a. Ẹ kọ ìyẹn. Ẹ kọ iye ọmọ tó jókòó fún ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì nílé ẹ̀kọ́ yín àti iye tó yege, láti inú ìwé ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀.

Mo tún fẹ́ kí ẹ ní ìgboyà láti sọ pé Yorùbá wà lára ohun èlò yín. Ní oṣù kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, Mínísítà Tunji Alausa kéde pé wọ́n ti pa á tì, Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò gbà pé ẹ̀rí wà lẹ́yìn ìpinnu kejì yìí. Ẹ̀rí tó dára jù tí a ní nílẹ̀ yìí jẹ́ ti owó ìrànwọ́ àjọdá pẹ̀lú. Láti 1970, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Yunifásítì Ifẹ̀ tí Babs Fafunwa ṣáájú fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan nínú iṣẹ́ ọjọ́. Ford Foundation ló fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ náà ti wà ṣáájú owó Ford, yunifásítì ló sì fi àwọn èèyàn rẹ̀ àti ìmọ̀ wọn sílẹ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Mopa, tó lè fi Yàgbà ṣàlàyé ibi tí gírámà ti ń dá ọmọ láàmú, ní ohun tí olùkọ́ àlejò kò ní. Ìpín ìlú nìyẹn náà. Kò ní iye Náírà nínú ìṣirò, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sínú àlàyé bí ẹ ó ṣe ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹ gba lẹ́tà àtìlẹ́yìn lọ́dọ̀ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, lọ́dọ̀ ìjọ, lọ́dọ̀ Elulu, ọba Mopa, bí ààfin bá fẹ́. Lẹ́tà tó bá kàn ń yin ẹgbẹ́ yín kò wúlò púpọ̀. Èyí tó wúlò ni èyí tó sọ ohun tí ẹni tó kọ ọ́ yóò ṣe, iye ìgbà tí yóò ṣe é, àti ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ọ̀wọ̀ bẹ àwọn àgbà náà kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí bàbá kan bá sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu òun tó, ẹ ṣàlàyé fún un pé ẹni tí yóò ka ìwé náà ní Àbújá kò mọ̀ ọ́n rí, kò sì ní àǹfààní láti wá jókòó níwájú rẹ̀.

Bí wọ́n bá fún yín, àkáǹtì ọ̀tọ̀ ni kí owó náà wọ̀, ìwé ìjábọ̀ owó tí wọ́n ń pè ní SF-425 yóò sì máa béèrè owó tiwọn àti ìpín tiyín ní ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìwé wákàtí olùkọ́ fi gbọ́dọ̀ wà láti ìrọ̀lẹ́ kìíní. Ẹni tó bá dúró di ìparí ọdún kó tó kọ ọ́ yóò máa fi àròsọ kún un, àwọn olùṣàyẹ̀wò sì mọ àwọ̀ yíǹkì kan náà tó tẹ̀lé ara rẹ̀ fún ìrọ̀lẹ́ 120. Lẹ́yìn ìjábọ̀ ìkẹyìn, òfin ní kí ẹ tọ́jú gbogbo ìwé náà fún ọdún mẹ́ta. Àwọn akápò ẹgbẹ́ máa ń yípadà, wọ́n máa ń kó lọ sí Lọ́kọ́ja tàbí Àbújá, àwọn ìwé á sì bá wọn lọ nínú bọ́ọ̀tì ọkọ̀. Ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì: kí ọ̀kan wà ní ọ́fíìsì ilé ẹ̀kọ́, kí èkejì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù oní-kọ́kọ́rọ́ ní ìjọ tó fi gbọ̀ngàn sílẹ̀, kí akọ̀wé ẹgbẹ́ àti akọ̀wé ìjọ sì jọ fọwọ́ sí ìwé kan tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.